Ìtọ̀ Tó Wà Nínú Yàrá Àdúrà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ bí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Mama, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" tí mo bá dáhùn pé ajá ni mo ń kọ́ ní ibi tó yẹ kó máa tọ̀ sí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń rín. Mo máa ń jẹ́ kó rín in tán. Ẹni tí kò tíì jí láàárọ̀ kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi lórí táìlì yàrá rẹ̀, kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Èmi fúnra mi rò pé mo ti ṣe é dàgbà, pé kò sí ohun tí ajá lè ṣe nínú ilé tí yóò tún yà mí lẹ́nu. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ohun tí ojú mi rí ní Odìgbó nígbà tí iṣẹ́ mi ń lọ sópin, bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, àyà mi ṣì ń já.

Bọ́láńlé ni orúkọ mi, Ìyá Alájá ni wọ́n ń pè mí ní Òrè. Àgọ́ Aláyè ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń gbin kòkó, ìyá mi ń fún epo. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òrè, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni Ọ̀gá Orímisan ń gbé. Ọ̀gá yìí ti fi ọdún pípẹ́ tọ́jú àwọn ajá tó ń ṣọ́ sọ́ọ̀mìlì kan, kó tó wá dá dúró, táwọn èèyàn ń mú ajá wá bá a pé kó bá àwọn kọ́ ọ. Mo lọ bá a pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o lè kúnlẹ̀?"

Mo ti kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Mo lè kúnlẹ̀, sà."

"Kì í ṣe fún èmi. Fún ilẹ̀ ni."

Ohun tó ń sọ kò yé mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi gbọ́ ọ lóko, ó bá ọkọ̀ tó kó kòkó wá sí Òrè. Ó ká ọwọ́ lérí. "Bọ́láńlé! Mo fi epo rán ọ níléèwé, kí o lè wá di ìránṣẹ́ ajá?" Ó dùn ún débi pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pẹ̀tù sí i: "Iṣẹ́ tí kò bá ti jẹ́ olè, iṣẹ́ ni. Jẹ́ ká máa wò ó." Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn títí mo fi hu ewú.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ajá lákọ̀ọ́kọ́. Ilẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé ilé oníbàárà, á ní, "Bọ́láńlé, níbo ló tọ̀ sí?" Màá wò yíká, màá na ìka sí ojú ibi tó rin. Á mi orí. "Ojú lo fi ń wá ìtọ̀? Kúnlẹ̀." Màá kúnlẹ̀, màá sún imú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sáré jáde. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ibi tí ìwọ rò pé o ti fọ̀, ajá ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ níbẹ̀. Òórùn yẹn ló ń pè é pé, 'Máa bọ̀, ibí ni ilé ìtọ̀ wa.' Bí o kò bá kọ́kọ́ pa òórùn náà, asán ni gbogbo ariwo rẹ."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fi ajá lé mi lọ́wọ́. Bó bá ti jí, gbé e jáde. Bó bá jẹun tán, gbé e jáde. Bó bá ṣeré tán, gbé e jáde, ibì kan náà sì ni kí o máa gbé e lọ. Má fi í sílẹ̀ níta kí o wọlé, dúró tì í títí yóò fi tọ̀. Bó bá tọ̀ tán, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti yìn ín, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Bó bá sì ṣèèṣì tọ̀ sínú ilé tí o kò ká a mọ́, panu mọ́, kí o nu ún. "Ajá kì í rántí ẹ̀ṣẹ̀ àárọ̀ lọ́sàn-án," bí Ọ̀gá ṣe máa ń wí nìyẹn. "Bí o bá nà án, tàbí tí o ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀, ohun kan ṣoṣo tó máa kọ́ ni pé kó máa tọ̀ níbi tí ojú rẹ kò tó."

Ọ̀rọ̀ nínà yìí ni wọ́n fi lé Kúnlé lọ. Òun ló ṣáájú mi níbi iṣẹ́, géńdé ọkùnrin, òun lọ́wọ́ rẹ̀ yá jù nínú wa. Ọmọ ajá kan tọ̀ sórí bàtà rẹ̀, ó sì fi ìgbálẹ̀ là á. Ọ̀gá gba ìgbálẹ̀ náà, ó fi í síbi tó yẹ, ó wá ní, "Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́." A rò pé àwàdà ni. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ wá láti Àjué, òun náà bẹ̀bẹ̀ títí. Ọ̀gá fún bàbá náà ní omi mu, ó kí i dáadáa, ó sì ní, "Ọwọ́ tó bá ti yá sí ìgbálẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó yá sí sùúrù. Èmi ò ní ọjọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Èmi dúró sí kọ̀rọ̀, mo ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi jáwọ́ nínú iṣẹ́, n kò gbé ọwọ́ sókè sí ajá kankan.

Eérú ni a ń lò nígbà náà, àti iyanrìn nínú páànù pẹrẹsẹ, àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa òórùn. Àwọn ajá tí wọ́n ń kó wá kì í sábà gbé inú ilé, ajá ọdẹ àti ajá ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ìgbà tí táìlì dé sílé àwọn èèyàn ni àwọn ajá kéékèèké onírun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bá mọ́tò Èkó dé, àwọn tí irun bo ojú wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí wọ súwẹ́tà. Mo figbe ta, "Ẹ wá wò ó o! Ajá wọ súwẹ́tà ní Òrè!" Ọ̀gá jáde, ó wò ó, ó wá ìjókòó. "Bọ́láńlé, ayé ti yí padà." Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ walẹ̀, ó pè mí. "Wò ó dáadáa. Àpò ìtọ̀ èyí kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Wọ́n á máa pè é ní olóríkunkun, bẹ́ẹ̀ àpò rẹ̀ ló kéré. Ìgbà tí o bá ń gbé ajá ọdẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, gbé èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ọ̀gá ti kú, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, pádì dé, ó rí bí ìlédìí ọmọ jòjòló, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ajá tọ̀ sí i. Ó dára, àmọ́ ajá tó bá ti mọ́ lára á máa rò pé gbogbo ohun tó bá ti rọ̀ nílẹ̀ ni pádì, títí dórí kápẹ́ẹ̀tì yín. Nígbà tó yá, fóònù dé. Mo ti jókòó ní ìkóríta Òrè kọ́ ajá tó wà ní Èkó, ẹni tó ni ín ń fi fídíò hàn mí, tí mo ń sọ fún un pé, "Rárá, ẹ má tíì wọlé, kò tíì tọ̀ tán."

Ọjọ́ kan ni Ìyá Tósìn sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ìyá Alájá, ẹ gbà wá. Ajá kan fẹ́ lé Ọlọ́run kúrò nílé wa."

Odìgbó ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko kòkó, alàgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé fún àdúrà, tó ní pẹpẹ, àbẹ́là àti ẹní. Ìyá alàgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, ti kúrò lóko Àjué wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Tósìn, ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ló fi ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Jọ́ì ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀, kí ó má baà dá nìkan wà. Ajá náà kò mọ ibòmíràn tọ̀ sí ju yàrá àdúrà lọ.

Mo bá a dé ilé. Alàgbà kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló fi kí mi káàbọ̀. "Ẹ kú ìrìn, mama. Mi ò kórìíra ajá o. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn, a kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ la ń forí kàn. Wòlíì ìjọ wa ti ríran pé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà nínú ajá náà. Mo gbààwẹ̀, mo wọ́n omi àdúrà, kò dáwọ́ dúró. Mo ti bá ọdẹ kan sọ ọ́ ní Àgbábù. Bí iṣẹ́ yín kò bá ràn án, yóò wá mú un."

Mo wo Jọ́ì. Kò tóbi ju ológbò lọ. Kí ni ọdẹ fẹ́ fi irú ajá yìí dẹ nínú igbó? Mo mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní yàrá kan, kí n lè máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Mo fọ yàrá àdúrà, mo fi fínígà pa òórùn ibẹ̀. Jọ́ì kì í ṣe òmùgọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìtọ̀, bó bá tọ̀ tán á sáré wá bá mi kí n lè yìn ín. Inú mi dùn. Síbẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ kí yàrá àdúrà má tutù, Ìyá Tósìn á sì ti nu ún kí n tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Nígbà tó sú mi, mo mú Jọ́ì sínú yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Igbe Ìyá Tósìn ló jí mi láàárọ̀.

"Jésù o! Ó tún ti tọ̀!"

Mo wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Jọ́ì wà níbẹ̀, ó ń na ara. Mo wo ilẹ̀kùn, títì ló wà. Gbogbo irun orí mi dìde. Ìtọ̀ wà ní yàrá àdúrà, ajá sì wà lọ́dọ̀ mi!

Alàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rí i báyìí, mama. Ẹ rí i fúnra yín."

N kò lè purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ Aládùúrà lèmi náà, mo ti gbọ́ ìran tó ṣẹ rí. Ṣùgbọ́n eékún mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé mo ti kúnlẹ̀. Omi náà ti pọ̀ jù, ajá bíi Jọ́ì kò lè tọ ìtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sún imú mọ́ ọn, kì í ṣe òórùn ajá. Mo wá rí èèrà. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n bo ojú ibi tó rin bí ẹni pé wọ́n da ṣúgà síbẹ̀. Ilé tí alátọ̀gbẹ bá ti gbé rí mọ ohun tí èèrà ń wá nínú ìtọ̀ èèyàn.

Mo gbé orí sókè. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá Àgbà ló kọjú sí mi. Màmá dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń wò mí. Etí ìró rẹ̀ rin gbindin. Ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Háà! Mo ṣáà ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọ ibẹ̀. Alàgbà gba oko lọ, ìyàwó rẹ̀ lọ pọn omi, mo sì wọlé tọ Màmá lọ.

Kò jẹ́ kí n jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọma mi, pa mí bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má sọ fún un. Kí wọ́n gbọ́ pé ìyá alàgbà ló ń tọ̀ síwájú pẹpẹ?"

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìyàgbẹ́ wà, yàrá àdúrà la sì ń gbà kọjá. Orúnkún mi kò ṣe é sáré mọ́. Bí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n mí, ibẹ̀ ló máa ń ká mi mọ́. Nígbà tí wọ́n ní ajá ni, mo dákẹ́. Ajá ò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kó bá mi rù ú."

Ó wá yé mi wàyí. Jọ́ì náà ti ń tọ̀ síbẹ̀ lóòótọ́ kí n tó dé, nítorí òórùn tó bá níbẹ̀ ló ń pè é. Mo bi Màmá bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ní omi ni oúnjẹ òun. Mo wo ọrùn rẹ̀, ó ti gbẹ, egungun ti yọ. Mo ní, "Màmá, èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ bí alàgbà bá ti oko dé, màá jókòó tì yín." Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó gbà.

Kí alàgbà tó ti oko dé, ọdẹ Àgbábù ló kọ́kọ́ dé. Ohun tí alàgbà rí láàárọ̀ ti dẹ́rù bà á, ó ti pè é lórí fóònù. Ọdẹ náà kí wa dáadáa, ó sì tú àpò tó ká mọ́ abíyá. Mo ní kó dúró de onílé. Ó ní, "Mama, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́." Ó gbá Jọ́ì mú, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀. Ajá náà ké, àpò ń fò nílẹ̀.

Màmá Àgbà jáde láìmú ọ̀pá.

"Tú u sílẹ̀! Ajá kọ́! Èmi ni mò ń tọ̀! Èmi ìyá wọn ni!"

Korobá omi jábọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tósìn. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ti wó lulẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Mo rò pé ó ti parí.

Ọdẹ yẹn, ẹni tó wá mú ẹran ọbẹ̀, òun ló gbé Màmá. Ó jókòó sórí alùpùpù rẹ̀, a fi Màmá sáàárín, mo dì í mú láti ẹ̀yìn, a forí lé ilé ìwòsàn ní Òrè. Gbogbo ọ̀nà ló ń sọ pé, "Wọn ò sọ èyí fún mi o. Ọlọ́run, wọn ò sọ èyí fún mi." Lẹ́yìn tá a lọ ni Ìyá Tósìn tó rántí tú àpò.

Dókítà ní ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjá ààlà, pé bó bá sun ilé mọ́jú, yóò sùn lọ ni. Alàgbà bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá mi ń ṣàìsàn níwájú mi, mo ń lé ẹ̀mí èṣù kúrò lára ajá?"

Màmá kò kú. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n kọ́ wọn ní oúnjẹ tí yóò máa jẹ. Alàgbà ní kí bíríkìlà la ilẹ̀kùn síbi ògiri yàrá Màmá, kí wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tuntun mọ́ ọn. Ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ mi, ajá ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ tó bá ń mú èèyàn wọ ilé onílé. Ẹ̀ ń lọ nítorí ajá, ẹ ò mọ ẹni tó ń dúró dè yín lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo fẹ̀yìn tì láìpẹ́ sígbà náà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tí Màmá kọ́kọ́ padà sí ìsìn, wọ́n ní kí n wá bá wọn dúpẹ́. Mo rò pé orin la máa kọ, ká jó lọ síwájú, kó parí. Nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, Màmá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde nínú aṣọ funfun. Alàgbà na ọwọ́ sí i pé kó jókòó, kò jókòó.

"Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀mí àìmọ́ ń tọ̀ sínú yàrá àdúrà ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀mí. Kì í ṣe ajá. Èmi ni. Ìtọ̀ ò ṣe é mú mọ́ra fún mi mọ́, ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí wọ́n pa ajá dípò kí n sọ ọ́."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu. Mo wá gbọ́ tí àga kan ró lẹ́yìn. Bàbá tó ń lu agogo ìjọ ló dìde. Ó ní, "Èmi náà," ó sì tún jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan láàárín àwọn akọrin dìde, ó ń sunkún. Ìkẹta dìde. Mo wò títí n kò mọ ẹni tí màá wò mọ́. Àwọn tí mo ti ń kí láti ìgbà tí mo ti ń wá sí Odìgbó! Wòlíì, obìnrin tó ríran sí ajá, jókòó níwájú pẹpẹ, ó di Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà, kò mira.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ náà. Nígbà tí ìsìn parí, ó gbé tábìlì síta sábẹ́ òrùlé, ó kó abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà sórí rẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá. Gbogbo àwọn àgbà dúró, oníkálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀, tó na ìka sí i, wòlíì ni.